Òǹtàwé orí ayélujára tó fẹ́ nawọ́ dé òkèèrè: kí la máa ṣe sí orúkọ wa?

ÌwéTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú òwò yìí. Ìwé la ń tà, orí ayélujára nìkan la sì ti ń tà á. Àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa láti òkèèrè ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ a ò pè wọ́n, àwọn ló wá wa kàn. Ní báyìí a fẹ́ kúkú jáde lọ pàdé wọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ìrísí ló rú mi lójú. Ṣé orúkọ kan náà ni ká gbé lọ síbi gbogbo? Ṣé ká ní ìkànnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan? Ohun tí wọ́n sì mọ̀ wá mọ́ ni pé ọjà wa ò wọ́n. Ṣé ohun tí a máa pariwo lọ́hùn-ún náà nìyẹn? Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

BàbáÀlòkù
Àbúrò, kí o tó dé orí orúkọ, dá ara rẹ lóhùn ná: bí oníbàárà bá fẹ́ júwe rẹ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí ló máa sọ? Ìdí tí mo fi béèrè ni pé ìwé kì í ṣe bàtà. Bàtà tí ẹnì kan rán, òun nìkan ló ní irú rẹ̀. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ, òun gan-an náà ló wà lọ́wọ́ àìmọye òǹtàwé: nọ́ńbà ISBN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé) kan náà, èèpo kan náà, ojú ewé kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ rà á máa tẹ nọ́ńbà yẹn, á sì rí gbogbo wa tí a tò sójú kan. Ohun tó yí ìwé ká ni orúkọ rẹ ń tà: bí o ṣe yan ìwé, bí o ṣe júwe rẹ̀, bí o ṣe dì í, ọjọ́ tó dé, àti ohùn tí o fi dáhùn nígbà tí nǹkan bà jẹ́.

Ẹ wo The Book Depository. Ọdún 2004 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé kiri ayé: a kì í gba owó ìfiránṣẹ́. Ẹni tó ń gbé ibi tó jìnnà sí ilé ìtàwé kò nílò àlàyé kankan mọ́. Amazon rà wọ́n ní 2011, ó sì pa ìkànnì náà dé ní oṣù kẹrin ọdún 2023, àwọn òǹkàwé ṣì ń dárò rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Mi ò ní kí o máa fi ọ̀fẹ́ ránṣẹ́ o, owó yẹn á mu ọ́ lẹ́jẹ̀. Mò ń sọ pé ìlérí kan ni, ẹnu kan ló gbà láti sọ ọ́, kò sì yí padà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn. Better World Books ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà tirẹ̀: ìwé àlòkù ni wọ́n ń tà, apá kan owó náà sì ń lọ sí ètò mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà. Ìyẹn náà, ẹnu kan ló gbà. Tìrẹ dà?

Olófin
Mo gbà pẹ̀lú Bàbá, àmọ́ ẹ jẹ́ n dáhùn orúkọ, torí ibẹ̀ lowó ti ń jò jù bó bá wọ́.

Orúkọ tí o máa gbé rìn gbọ́dọ̀ ṣeé pè lórí fóònù, kí ẹni tó gbọ́ ọ sì lè tẹ̀ ẹ́ láìbéèrè. Amazon fúnra rẹ̀, Cadabra ló ń jẹ́ ní 1994. Lọ́yà wọn gbọ́ ọ lórí fóònù, ohun tó gbọ́ ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí òkú èèyàn. Kí ìkànnì wọn tó ṣí ní 1995, wọ́n ti pa orúkọ yẹn tì. Waterstones náà, tó jẹ́ ilé ìtàwé ńlá, yọ àmì kékeré tó wà ṣáájú lẹ́tà "s" nínú orúkọ rẹ̀ ní 2012. Àwọn onígírámà bínú gidigidi. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà sọ ni pé ayé àdírẹ́sì orí ayélujára la wà, àmì yẹn kò wúlò níbẹ̀. Bí tìẹ bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, tètè mọ ohun tí o máa ṣe sí i.

Ẹ̀ẹ̀kejì: ìwé ẹ̀rí àmì-òwò kì í kọjá ibodè ilẹ̀ tó fún ọ. Pé o forúkọ sílẹ̀ níbì kan kò sọ pé ẹlòmíràn ò lè gbà á níbòmíràn. Ní Ṣáínà, ẹni tó bá kọ́kọ́ mú fọ́ọ̀mù wá ni wọ́n sábà máa ń gbà fún, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ lò ó. Ètò Madrid tó wà lábẹ́ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ohun-ìní ọgbọ́n orí, máa jẹ́ kí o fi ìwé kan ṣoṣo béèrè ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìforúkọsílẹ̀ ilé ló dúró lé fún ọdún 5 àkọ́kọ́. Bí ti ilé bá wó, ti òkèèrè wó tẹ̀lé e. Fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìwé kan ní EUIPO, ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì-òwò sílẹ̀ fún wọn, kárí ilẹ̀ 27. Ìsọ̀rí ọjà àti iṣẹ́ ni wọ́n fi ń forúkọ sílẹ̀: béèrè ìsọ̀rí 35, torí iṣẹ́ títa ọjà ni tiwa. Ìsọ̀rí 16 wà fún ohun tí a tẹ̀ sórí ìwé, 9 fún ìwé tí wọ́n ń gbà sórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ òǹtàwé máa ń gba 16 nìkan, wọ́n á gbàgbé 35.

Ẹ má sì rò pé àwọn ńlá nìkan ló ń jà. Àwọn obìnrin kan ní Minneapolis ti ń ta ìwé lábẹ́ orúkọ Amazon láti 1970. Ní 1999 wọ́n gbé ilé iṣẹ́ orí ayélujára náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn.

ÌwéTuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Orúkọ wa ní àmì lórí lẹ́tà méjì. Ṣé kí n yọ ọ́ ni?

Olófin
Rárá o. Fi í sílẹ̀ nínú lógò àti lórí páálí, ibẹ̀ ló ti ń jẹ́ kí wọ́n rántí ẹ. Àdírẹ́sì ìkànnì ni kó má ní àmì, torí àwọn èèyàn kì í mọ ibi tí àmì wà lórí bọ́tìnì. Ra èyí tó ní àmì náà tí ó bá wà, kí o darí rẹ̀ sí èyí tí kò ní.

Kékeré
Mo fẹ́ ta ko ohun kan tí gbogbo èèyàn máa ń gbà láìjiyàn. Ta ló sọ pé orúkọ kan gbọ́dọ̀ wà níbi gbogbo? AbeBooks, ìkànnì ìtàwé láti Kánádà, ra ìkànnì ìwé àlòkù Sípéènì kan, IberLibro lorúkọ rẹ̀. Títí dòní IberLibro ló ń jẹ́. Wọ́n ní ZVAB náà ní Jámánì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń wá ìwé àtijọ́ ní Jámánì ti mọ ZVAB tipẹ́tipẹ́, kí ló fẹ́ fi orúkọ àjèjì ṣe?

BàbáÀlòkù
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ tó ti ní ìyì kí wọ́n tó dé ni wọ́n rà. Ẹni tí kò rí owó ra orúkọ àgbà kò gbọ́dọ̀ dá orúkọ mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Iṣẹ́ ìpolówó mẹ́rin nìyẹn, àpò kan ṣoṣo ló ń gbé e. Amazon lówó ju gbogbo wa lọ, ẹ wo ohun tó ṣe ní Ṣáínà: ó ra Joyo, òǹtàwé orí ayélujára ibẹ̀, ní 2004, ó pè é ní Joyo Amazon, ó tún wá yọ Joyo kúrò ní 2011. Ní 2019 ó ti apá tí àwọn òǹtajà ilẹ̀ yẹn ti ń tà pa. Mi ò sọ pé orúkọ ló fà á o, ìfigagbága ibẹ̀ le. Ṣùgbọ́n àárín orúkọ méjì kì í ṣe ibi tí èèyàn ń jókòó pẹ́.

Kékeré
Mo gbọ́ yín, Bàbá. Orúkọ kan, ojú ewé tó bá ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dé.

Òṣírò
Ẹ jẹ́ n wá sí "ọjà wa ò wọ́n", torí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí nínú ohun tí ìyá tàbí bàbá ìwé tuntun yìí kọ.

Ẹ̀dínwó kò lè jẹ́ orúkọ rẹ ní gbogbo ilẹ̀, torí ibòmíràn wà tí òfin ò gbà á. Ní Faransé, láti 1981, atẹ̀wéjáde ló ń dá iye ìwé tuntun, òǹtàwé kò sì gbọdọ̀ gé ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn òǹtàwé kan wá ń lo owó ìfiránṣẹ́ láti fi dọ́gbọ́n sí òfin náà. Lọ́dún 2014 òfin ní kò gbọ́dọ̀ sí ẹ̀dínwó àti ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ pọ̀ lórí ìwé. Amazon bá ń gba sẹ́ǹtì kan ṣoṣo. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ṣe òfin mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá 2023: bí ìwé tuntun tí èèyàn rà kò bá tó yúrò 35, owó ìfiránṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ dín ní yúrò 3. Jámánì náà ní òfin tirẹ̀ láti 2002, iye tí atẹ̀wéjáde bá dá ni gbogbo èèyàn ń tà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló yàtọ̀. Àdéhùn wọn lórí iye ìwé ti tú ká láti 1995, ẹ̀dínwó pọ̀ níbẹ̀ débi pé tìẹ ò ní hàn.

Nítorí náà, níbi tí wọ́n ti gbà á, ó ti sú àwọn èèyàn. Níbi tí wọn ò gbà á, ẹjọ́ ni. Kí lo fẹ́ fi gbólóhùn yẹn ṣe lókè lógò rẹ? Ìwé àlòkù bọ́ lọ́wọ́ òfin Faransé àti ti Jámánì, ìyẹn ni Bàbá Àlòkù ṣe ń rẹ́rìn-ín.

BàbáÀlòkù
Mo ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́.

ÌwéTuntun
Ìyá ni mí o, Òṣírò. Ẹ ti gbé ẹ̀dínwó kúrò lọ́wọ́ mi báyìí. Kí ló kù?

Agbédègbẹ́yọ̀
Ìyá wa, ohun tó pọ̀ ló kù. Ẹ fi ohùn yín ṣe é.

Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "ìkànnì fún ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan", ọ̀pọ̀ ìgbà ẹ̀rọ ló túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gbé àsíá lé e lórí. Oníbàárà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má túmọ̀ gbogbo ìkànnì. Ojú ewé mẹ́rin ni kí ẹ fún èèyàn tó ń sọ èdè náà nílé: ojú ewé àkọ́kọ́, ibi ìsanwó, òfin ìdápadà, àti ímeèlì tó ń sọ pé ọjà ti gbéra. Ìyókù lè dúró. Lẹ́yìn náà, kí òǹkàwé ilẹ̀ yẹn kọ àkíyèsí kúkúrú nípa ìwé kọ̀ọ̀kan tí ẹ gbé síwájú, kí ẹni náà sọ ohun tí kò fẹ́ràn pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀yìn tí atẹ̀wéjáde kọ, gbogbo òǹtàwé ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé. Àkíyèsí tiyín nìkan ni Google ò ní rí níbòmíràn.

Ìlérí yín gan-an, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹ ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn yín fún ẹni náà, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Àti òfin ìdápadà yẹn: ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tó rà lórí ayélujára ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà láìsọ ìdí. Àwọn kan máa ń fi í pamọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ gbé e sókè. Ohun tí òfin ti fi dandan mú yín ṣe, ẹ fi ìdùnnú sọ ọ́, ẹ ó rí bí ìgbẹ́kẹ̀lé ṣe ń wá.

ÌyáPáálí
Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ lógò, mo kí yín. Ọjọ́ tí oníbàárà rí yín lójúkojú ni ọjọ́ tí páálí kan ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ọjọ́ mìíràn. Bí ẹni tó gbé e wá bá ní "ẹ san owó kan kí n tó fún yín", gbogbo ohun tí ẹ ti polówó bà jẹ́ lójú kan náà, kò sì ní dá ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́bi, ẹ̀yin ló máa bú.

Ìwé rọrùn ju ọjà mìíràn lọ o. Àdéhùn Florence tí UNESCO gbé kalẹ̀ ní 1950 ló jẹ́ kí ìwé máa wọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ láìsan owó ibodè. Àmọ́ owó orí ọjà, ìyẹn VAT, ọ̀tọ̀ ni. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba VAT lórí ìwé tí a tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ń gbà á, láti oṣù keje 2021 kò sì sí páálí ọjà tó kéré jù tí ó máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ètò kan tó ń jẹ́ IOSS fún ọjà tí kò ju yúrò 150 lọ: ẹ gba VAT náà lọ́wọ́ oníbàárà níbi ìsanwó, ẹ kọ nọ́ńbà yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ọjà, kò sẹ́ni tó máa béèrè owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ rí i pé iye tó wà lójú ìkànnì ni gbogbo iye tí wọ́n máa san. Bí mo bá ní kí n mú ìlérí kan fún Ìyá Ìwé Tuntun, òun ni mo máa mú.

Lórí CN22, ìyẹn fọ́ọ̀mù kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ páálí, ẹ kọ "ìwé tí a tẹ̀" ní èdè tí kọ́sítọ́ọ̀mù ibẹ̀ gbọ́ àti nọ́ńbà 4901, tí ó jẹ́ ti ìwé káàkiri ayé. Ẹ má kọ "ẹ̀bùn". Ẹni tó bá rò pé ọgbọ́n nìyẹn, ẹ bi í léèrè iye ìgbà tí wọ́n ti tú páálí rẹ̀.

Igun ìwé ni kí ẹ dáàbò bò. Ìwé tí igun rẹ̀ tẹ̀, kò sí káàdì ìdúpẹ́ aláràbarà tó lè tún un ṣe.

Ayàwòrán
Ẹ jẹ́ n gbèjà lógò díẹ̀, Ìyá. Ohun tí òǹtàwé sábà máa ń yà ni ìwé tó dúró lórí pẹpẹ, pẹ̀lú orúkọ lẹ́yìn ìwé náà. Lẹ́yìn ìwé Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ máa ń lọ láti òkè sí ìsàlẹ̀. Ti Faransé sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Ìwé Lárúbáwá ń ṣí láti ọ̀tún. Lógò ìwé tó ṣí sílẹ̀ tó ní ọfà síwájú, ẹ̀yìn ló ń kọjú sí fún ẹni tó ń ka Lárúbáwá. Ìwé kan tó pa dé, tí kò ní ọ̀rọ̀ lára, ló máa ń gba gbogbo ibi.

Àwọ̀ kan ṣoṣo tó dá yàtọ̀ sàn ju mẹ́ta lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí páálí aláwọ̀ ilẹ̀ kí ẹ tó gbà á, torí àwọ̀ tó rẹwà lójú ẹ̀rọ lè kú pátápátá lórí páálí.

Kékeré
Ẹ má gbàgbé kàlẹ́ńdà. Ọjọ́ Ìwé Àgbáyé tí UNESCO kéde ní 1995 ni 23 oṣù kẹrin. Ní Catalonia ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń fi ìwé àti òdòdó róòsì tọrẹ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland ń ṣe tiwọn fún àwọn ọmọdé ní oṣù kẹta. Ní Iceland, kí Kérésìmesì tó dé ni ìwé tuntun ń ya jáde, torí ìwé ni wọ́n ń fún ara wọn lálẹ́ 24 oṣù kejìlá. Ímeèlì kan náà sí gbogbo ayé lọ́jọ́ kan náà máa dà bí ẹni pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Olófin
Mo padà wá sí nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà: ẹ̀tọ́ títà. Ìwé kan náà lè ní atẹ̀wéjáde méjì, ọ̀kan fún Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn tó tẹ̀ lé e, pẹ̀lú èèpo ọ̀tọ̀, nígbà mìíràn àkọlé ọ̀tọ̀. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ nínú ẹjọ́ Kirtsaeng pé ẹni tó ra ìwé lọ́nà tó tọ́ ní òkèèrè lè tún un tà níbẹ̀. Yúróòpù ò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀dà tí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé náà kò kọ́kọ́ tà nínú agbègbè wọn lè dá ẹjọ́ sílẹ̀ bí ẹ bá kó o wọlé láti ta. Bí ẹ bá ń polówó, ẹ fi èèpo ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an hàn. Ẹni tó rí èèpo kan tó wá gba òmíràn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, ó gbà pé ẹ tan òun jẹ ni.

Òṣírò
Ṣé ìkànnì tiyín lẹ fẹ́ fi lọ, Ìyá, àbí ti àwọn ọlọ́jà ńlá?

ÌwéTuntun
A ti wà lórí àwọn ńlá náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí wa.

Òṣírò
Ẹ dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ mọ ẹni tó ni oníbàárà. Borders, ilé ìtàwé ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fa títà orí ayélujára rẹ̀ lé Amazon lọ́wọ́ ní 2001, kò gbà á padà títí di 2008. Ní 2011 ó wọ gbèsè tí kò jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ gbèsè rẹ̀ pọ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ fún ọdún wọ̀nyẹn, àwọn òǹkàwé rẹ̀ ń kọ́ láti ra ìwé lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní 2018 ẹ̀wẹ̀, AbeBooks kéde pé òun ò ní gba àwọn òǹtàwé láti Kòríà Gúúsù, Họ́ńgárì, Ṣẹ́ẹ̀kì àti Rọ́ṣíà mọ́. Àwọn òǹtàwé àlòkù kárí ayé fi ìbínú kó ọjà wọn kúrò lórí ìkànnì náà fún ìgbà díẹ̀, ilé iṣẹ́ náà sì yí ohùn padà. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irú ìṣọ̀kan yẹn ń ṣẹlẹ̀. Ẹ máa fi káàdì kékeré tó ní àdírẹ́sì yín sínú ìwé níbi tí àdéhùn wọn bá ti gbà á, ẹ kọ́kọ́ kà á dáadáa.

ÌwéTuntun
Ẹ ṣé o. Ilẹ̀ wo ni kí n kọ́kọ́ mú? Ọkàn mi wà lára Amẹ́ríkà torí èrò pọ̀.

BàbáÀlòkù
Má wo èrò. Ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, wo ilẹ̀ tí àwọn kan ti padà wá ra ìwé lẹ́ẹ̀kejì láìsí ẹ̀dínwó. Kọ ímeèlì sí wọn, bi wọ́n pé kí ló mú wọn padà. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wọn jẹ́ ìlérí tí ò ń wá.

ÌwéTuntun
Ha, mo ti wò ó báyìí. Jámánì ni. Ìwé èdè tiwa ni wọ́n ń rà, kì í ṣe ti Jámánì.

Òṣírò
Ó dùn mọ́ mi. Ìwé èdè àjèjì tí kì í ṣe torí títà ní Jámánì ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ kì í sí lábẹ́ òfin iye wọn. Ẹ ṣì máa bá agbẹjọ́rò ibẹ̀ sọ̀rọ̀.

ÌyáPáálí
Kí ẹ tó tẹ páálí kankan, ẹ ra ìwé méjì lórí ìkànnì ara yín, ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ mọ̀ níbẹ̀. Kí ó ya fọ́tò páálí náà bó ṣe dé, kó tó tú u, kí ó sì sọ bóyá wọ́n béèrè owó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan fúyẹ́, kí èkejì wúwo ju kílò 2 lọ, torí ibi tí páálí kékeré ti pin ní pósítọ́fíìsì nìyẹn, ìwé sì lè dé kílò 5 bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé tí a tẹ̀.

ÌwéTuntun
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀. Mo máa fi ránṣẹ́ lọ́la, màá gbé fọ́tò rẹ̀ síbí.